Bí a ṣe ń fi àgádágodo parí iyàn òkúta inú ọkọ̀

Iyàn náà rèé, bóyá ẹ ti jà á rí. Ọkọ̀ ojú omi kan léfòó lórí adágún kékeré, òkúta ńlá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ gbé òkúta, ó jù ú sómi, òkúta rì dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣé omi adágún á ga sí i ni, àbí á lọ sílẹ̀, àbí ibi tó wà náà ló máa wà?

Ẹ gbé e sórí WhatsApp ẹbí lálẹ́ Sátidé, kí ẹ wá wo ohun tí ẹ máa jí bá. Nínú ẹbí tiwa, àwọn ará Ìbàdàn àtàwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fà á títí di aago méjì òru, ẹ̀gbọ́n wa kan tó kàwé ẹ̀ńjìnnìà sì bínú kúrò lórí gúrúùpù. Kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni: ìtàn kan wà tí àwọn onífísíìsì máa ń sọ láàárín ara wọn, pé wọ́n bi mẹ́ta nínú àwọn àgbà wọn, George Gamow, Robert Oppenheimer àti Felix Bloch, ní ìbéèrè yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣì í.

Omi á lọ sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní mú ẹnikẹ́ni dákẹ́. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ ṣe é lójú gbogbo wọn, tí wọn ò bá sì sí nítòsí, ẹ ká a sórí fídíò láì gé e níbì kankan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni. Síbẹ̀ mo ti rí àwọn tó ṣe é tí ọ̀rọ̀ wá dojú rú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ẹ wá ike omi onílítà márùn-ún tó mọ́ gaara, kí ẹ gé orí rẹ̀ kúrò. Èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ló dáa. Ẹ wá ike bọ́tà tó ti ṣófo, tó lè wọnú rẹ̀ láì ha mọ́ ẹ̀gbẹ́. Òun ni ọkọ̀ wa. Ẹ wá òwú ìránṣọ, bébà téèpù àti báírò. Lẹ́yìn náà, àgádágodo, ọ̀kan ńlá tàbí méjì tí ẹ so pọ̀, tí ìwúwo wọn tó 300 gíráàmù.

Ẹ máa ní kí ló dé tí n kò lo òkúta. Òkúta akọ wúwo ju omi tó gba àyè kan náà lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀ àti díẹ̀ ni, irin àti idẹ sì tó nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́jọ. Bí nǹkan bá ṣe wúwo tó nínú ara kékeré ni omi ṣe máa lọ sílẹ̀ tó. Tí ẹ bá mọ alẹ́ran tó lè yá yín ní irin òṣùwọ̀n rẹ̀, ẹ gbà á, kò sóhun tó dáa tó o. Ṣùgbọ́n kò sílé tí kò ní àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù ni kí ẹ lò o, ẹ má lo èyí tí ẹ fi ń tilẹ̀kùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó pọn omi, kí oníkálukú kọ tirẹ̀ sílẹ̀: ó ga, ó lọ sílẹ̀, tàbí kò yí padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò sí àlàyé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Tí ẹ bá fo èyí, gbogbo wọn ló máa sọ lẹ́yìn náà pé ohun tí àwọn ti ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ike. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi han gbogbo ayé, bàsíà ìfọṣọ ló máa ń sáré lọ gbé, torí pé ó jọ adágún. Á wá ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan nílẹ̀, á gbé e sínú abọ́ kékeré. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní òkúta náà wúwo tó 100 gíráàmù. Nígbà tó wà nínú ọkọ̀, omi tó wúwo tó òkúta náà ló ń lé kúrò láyè, ìyẹn 100 mílílítà. Nígbà tó rì, àyè tí ara rẹ̀ gbà nìkan ló ń lé, kò ju nǹkan bíi 37 lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílílítà 63. Ẹ wá tẹ́ mílílítà 63 yìí sórí bàsíà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40: ìdajì mìlímítà ló máa jẹ́. Ìdajì mìlímítà! Ojú ta ló fẹ́ rí i?

Ẹ sì mọ ẹni tó máa jẹ nígbà náà. Àwọn tó ní kò yí padà ni. Omi lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i, wọ́n á sì máa jó kiri. Mo ti rí èyí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ níbi ìkómọ, tí bàbá ọmọ fi bínú wọnú ilé lọ láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Nítorí náà, ike tóóró. Tí ike yín bá fẹ̀ tó pé ọkọ̀ méjì lè gbabẹ̀ kọjá, ẹ wá òmíràn.

Pẹ̀lú ike tèmi àti àgádágodo 300 gíráàmù, ìṣirò náà lọ báyìí: 300 mílílítà nínú ọkọ̀, nǹkan bíi 38 nísàlẹ̀ omi. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 262, ìyẹn sì tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lára ike. Ẹni tó gbàgbé awò rẹ̀ sílé á rí i.

Ẹ bu omi sí ike kó lé díẹ̀ ní ìdajì. Ẹ so òwú mọ́ àgádágodo, ẹ tẹ́ ẹ sí àárín ọkọ̀, ẹ rọra gbé ọkọ̀ lé omi. Ẹ lẹ bébà téèpù mọ́ ara ike ní òró. Ẹ dúró kí omi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá omi dọ́gba, torí ẹni tó bá ń wò ó látòkè á fa ìlà rẹ̀ sódì. Ẹ fi báírò fa ìlà, kí ẹ kọ A sí i.

Ẹ má jù ú o. Mo mọ̀ pé ìbéèrè ní wọ́n jù ú. Tí ẹ bá jù ú, omi á ta sórí tábìlì, alátakò yín á ní omi tó ta dànù ló jẹ́ kó lọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òwú ni kí ẹ fi gbé àgádágodo sókè kúrò nínú ọkọ̀, kí ẹ sì gbé e dúró lókè omi. Ẹ má ti ọwọ́ bọ omi.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ọkọ̀ á ti fò sókè, omi á ti já wálẹ̀. Ẹ fa ìlà kejì, kí ẹ kọ B. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá rọra sọ àgádágodo kalẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ títí á fi jókòó, kí ẹ dẹ òwú, kí ẹ fa ìlà kẹta, C.

Ohun tó jẹ́ kí n máa fa ìlà mẹ́ta nìyí. Bí àgádágodo bá ṣe ń wọ omi, omi máa ga díẹ̀, bíi mìlímítà méjì. Àwọn tó ní ó ga ti ń ṣọ́ ọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pariwo "Ó ga! Ẹ ò rí i?" Òótọ́ ni, ó ga ju B lọ. Ṣùgbọ́n B kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. A ni ìbẹ̀rẹ̀, C sì wà nísàlẹ̀ A dáadáa. Ẹ fi ìka lé A, ẹ fi òmíràn lé C, kí ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹni tí kò bá fa B kò ní rí ohun tó máa nàka sí nígbà tí ariwo bá sọ.

Tí omi díẹ̀ bá ta wọnú ọkọ̀, ẹ má dààmú. Omi tó wà nínú ọkọ̀ tó ń léfòó ń lé omi tó bá a dọ́gba gẹ́lẹ́, kò yí ìlà padà.

Wọ́n á béèrè ìdí rẹ̀. Nígbà tí àgádágodo wà nínú ọkọ̀, omi nìkan ló ń gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀, ọkọ̀ sì ní láti rì wọlé títí omi tó lé kúrò á fi wúwo tó àgádágodo náà. Nígbà tó ti jókòó sísàlẹ̀, ilẹ̀ ike ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àyè tí ara rẹ̀ gbà nìkan ló kù tó ń lé omi. Archimedes, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì ará Syracuse, ti la òfin yìí sílẹ̀, ọdún 212 ṣáájú ìbí Kristi ló sì kú, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ọmọ oníwèé kan hùmọ̀ lánàá.

Ẹnì kan máa wà tó máa ní àgádágodo kì í ṣe òkúta. Ẹ bá a wá òkúta akọ tó wúwo tó 300 gíráàmù, kí ẹ tún un ṣe nínú ike kan náà. Omi á lọ sílẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Tó bá tún ní ti igi ńkọ́, inú mi máa ń dùn sí ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀, torí igi kì í yí i padà: ó ń léfòó nínú ọkọ̀, ó ń léfòó lóde. Ẹni tó bá sì béèrè ti ọ̀sà Èkó, ẹ sọ fún un pé ó lọ sílẹ̀ níbẹ̀ náà, kó lọ gbé rúlà.

Bí ẹ bá parí, ẹ gbọn omi inú àgádágodo dànù, ẹ sá a, ẹ kán òróró sí i. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa ni mo sì lò. Wáyà la fi ń so ó báyìí.