Bí mo ṣe fi ìtẹ́ pàkúté bàbá mi mọ adìyẹ tí kò yé mọ́

Adìyẹ 36 ni mo ní lẹ́yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, Isa Brown, irú adìyẹ tí à ń sìn fún ẹyin, ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n ti yé ju ọdún kan lọ, ẹyin já sí 22 lójúmọ́. Ìyẹn ni pé nínú adìyẹ 100, bí 61 ló ń yé lọ́jọ́ kan. Ìwé mi ń sọ iye ẹyin fún mi, kò sọ ẹni tó yé e. Ṣé gbogbo wọn ló ti ń rẹ̀ ni, àbí àwọn kan ti jáwọ́ pátápátá? Oúnjẹ adìyẹ sì ti wọ́n kọjá ohun tí èèyàn ń méfò lé lórí.

Ni mo bá rántí àwọn àpótí tí bàbá mi kó sí àjà. Ìtẹ́ pàkúté là ń pè é nílé wa. Ilẹ̀kùn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀, igi tín-ín-rín ló gbé e dúró. Bí adìyẹ bá ti ń wọlé, ẹ̀yìn rẹ̀ á kan igi náà, ilẹ̀kùn á já wálẹ̀. Kò ní lè jáde àfi tí ẹ bá wá tú u sílẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti bá òun àti ẹyin rẹ̀ pọ̀. Ikán ti jẹ díẹ̀ nínú wọn, 8 ló ṣì dára. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo fi so ilẹ̀kùn wọn padà, mo da omi gbígbóná sí wọn nítorí yòrò, mo sì sá wọn sóòrùn.

Àmì ló kàn. Mo gé aṣọ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mẹ́fà: pupa, dúdú, funfun, búlúù, yẹ́lò, gíríìnì. Ọ̀kan lẹ́sẹ̀ òsì, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà, 36 gééré, kò sí méjì tó jọra. Ẹ má so ó le o, ẹsẹ̀ á wú.

Láti aago 7 àárọ̀ títí di aago 3 ọ̀sán, mò ń yẹ àpótí wò ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ: mi ò lè rìn jìnnà. Lọ́jọ́ kẹta mo pẹ́ lọ́jà, mo dé bá ọ̀kan tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú ooru. Ó dùn mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ jáde, àbúrò mi á dúró.

Nínú ìwé, mo kọ aago tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yé. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyí: ẹyin kan máa ń gbà tó wákàtí 25 nínú adìyẹ, nítorí náà aago rẹ̀ ń sún síwájú lójoojúmọ́. Pupa-Funfun yé ní aago 8 lọ́jọ́ Ajé, aago 9 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí aago rẹ̀ fi bọ́ sí ọ̀sán. Ó fo ọjọ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á pe ìsinmi yẹn ní ọ̀lẹ.

Lẹ́yìn ọjọ́ 14, adìyẹ 26 ti yé láàárín 10 sí 13 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá ò ní ẹyin kankan nínú ìwé mi. Mi ò yára tà wọ́n. Lálẹ́, mo gbé wọn níkọ̀ọ̀kan, mo fi ìka wọn àárín egungun méjì tó wà lẹ́bàá ihò ìyẹ́yin. Tó bá ń yé, ìka méjì sí mẹ́ta á gba ibẹ̀, ihò náà á tutù, á sì fẹ̀. Mẹ́sàn-án ò gbà ju ìka kan lọ, wọ́n gbẹ. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta gba ti Dúdú-Búlúù! Mo wá ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù omi, mo bá ẹyin 7 nínú ìyẹ̀fun pákó.

Mo gbé agolo tí bàbá mi lu ihò sí jáde, mo tan iná sínú rẹ̀ nínú òkùnkùn, mo fi ìdí ńlá ẹyin lé ihò náà. Mẹ́ta ni àyè afẹ́fẹ́ inú wọn ti fẹ̀ jù, ìyẹn ni pé wọ́n ti pẹ́, mo sin wọ́n. A jẹ mẹ́rin.

Mo ta mẹ́sàn-án. Adìyẹ 27 tó kù ń yé 22 tàbí 23 lójúmọ́, ó ti lé ní 80 nínú 100. Oúnjẹ tí àwọn mẹ́sàn-án ń jẹ, bí gíráàmù 120 lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ju kílò kan lọ lójúmọ́. Mo ti fi okùn gbé àwọn ilẹ̀kùn sókè báyìí, kí wọ́n máa wọlé jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo dí ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù, Dúdú-Búlúù sì ti gba àpótí kẹta.