Bí a ṣe gba àṣẹ òbí lórí ọmọ wa
Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, ni obìnrin kan ti bá wa gbé oyún ọmọbìnrin wa, tó sì bí i fún wa, orúkọ èmi àti ìyàwó mi ló sì wà lórí ìwé ìbí rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin tó gbé oyún náà ni ìyá, àfi bí kóòtù bá fún wa ní àṣẹ òbí, ìyẹn àṣẹ tó ń sọ wá di òbí ọmọ náà lójú òfin. Ó dùn wá wọra. Àṣìṣe wa ni pé ọmọ kò ju ọ̀sẹ̀ 4 lọ nígbà tí obìnrin náà fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà kí a gba àṣẹ náà, bẹ́ẹ̀ òfin ọdún 2008 tó dá lórí irú ọmọ bíbí báyìí kò ka ìfọwọ́sí rẹ̀ sí bí ọmọ kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 6. A fi fọ́ọ̀mù A101A mìíràn, ìyẹn ìwé ìfọwọ́sí náà, ránṣẹ́, ó sì fọwọ́ sí i níwájú nótárì, ìyẹn ẹni tí òfin yàn láti jẹ́rìí sí ìfọwọ́síwèé, tí òǹtẹ̀ rẹ̀ wú sókè lórí bébà. Fọ́ọ̀mù C51 tí a fi béèrè fún àṣẹ náà dé kóòtù kí ọmọ tó pé oṣù 6, adájọ́ sì fún wa ní àṣẹ òbí.