Bí Kóòṣì Ṣe Lè Bá Tíṣà Ṣiṣẹ́ Kí Ẹ̀rù Má Bà Á

Nígbà tí ESSPIN, ètò kan tó ń ti ẹ̀kọ́ lẹ́yìn, ń lọ lọ́wọ́, láti 2008 di 2017, Èkó àti Kwara wà lára ìpínlẹ̀ 6 tó kópa nínú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ara iṣẹ́ ètò náà ni àwọn School Support Officer, tí wọ́n ń wọ kíláàsì láti ran tíṣà lọ́wọ́. Kóòṣì lèmi ń pè wọ́n. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti mú ìwé àti bírò wọ kíláàsì, ìsípẹ́kítọ̀ ni tíṣà máa ń rí. Ohùn rẹ̀ á yí padà, àwọn ọmọ á dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ ò sì ní rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ̀rù yìí lẹ máa kọ́kọ́ mú kúrò.

Ẹ lọ kí i ná, láìmú ìwé dání. Ẹ béèrè iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ibi tí iṣẹ́ ti ń ni ín lára. Bó bá jù yín lọ, ìwé-ẹ̀rí yín ò ní kẹ́ ẹ má kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ má dọ̀bálẹ̀ kí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó mọ ẹni tó máa gbọ́ ohun tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ sọ ọ́ lójú ọ̀gá ilé-ìwé: “Àárín èmi àti tíṣà lọ̀rọ̀ yìí máa mọ, kò ní wọ fáìlì ìgbéga.” Bí ọ́fíìsì yín bá fẹ́ gba ìròyìn lórí rẹ̀, ẹ tètè sọ fún un. Tó bá lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ó parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ohun tẹ́ ẹ máa wò. Tíṣà pírámárì kejì kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ “b” àti “gb”. Ó ní kí n bá òun wo ìdí tí kò fi ń yé àwọn tó wà lẹ́yìn. Mo ya bẹ́ǹṣì sórí ìwé, mo ń fa ìlà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá pè. Nígbà tí aago lù, ìlà 17 ló wà níbẹ̀. 15 wà lórí bẹ́ǹṣì méjì iwájú. N ò sọ nǹkan kan, mo kàn na ìwé náà sí i. Ó wò ó títí. “Háà! Mi ò mà pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn rárá.” Lọ́jọ́ kejì, ó ti kọ orúkọ gbogbo wọn sórí páálí wẹ́wẹ́, ó kó o sínú agolo mílíìkì, ó ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kọ́ ló sọ fún un. Ká ní ẹnu mi ló ti jáde ni, àwíjàre ni mi ò bá gbọ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́, kì í ṣe lójú àwọn ọmọ tàbí àwọn tíṣà yòókù. Ohun kan ṣoṣo ti tó. Bẹ́ ẹ bá ní àbá, ẹ gba ṣọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kọ́ àwọn ọmọ, kí tíṣà di ìwé mú kó máa wò yín. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbà pé kò ṣiṣẹ́.

Bẹ́ ẹ bá ní Ọjọ́bọ̀ lẹ ń padà bọ̀, kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti kí i tán, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa béèrè ni: “Mà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ńkọ́?”