Layoff ò sọ ọ̀gá yín di ọ̀tá: bí ẹ ṣe lè tọrọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún másítà l'Amẹ́ríkà

Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ mi wà lára àwọn tó lọ. Oṣù márùn-ún gbáko ni mi ò fi kàn sí ọ̀gá mi, torí ojú ń tì mí. Nílé, tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣe. Níbí, ẹni tí wọ́n lé torí ẹ̀ṣẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí layoff gbé lọ, àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo pàpà kọ̀wé láti tọrọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tí mo fẹ́ fi wá másítà, ọ̀gá mi fèsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dun òun náà.

Nítorí náà, ẹ má pẹ́ bíi tèmi. Másítà àti PhD sábà máa ń béèrè lẹ́tà mẹ́ta. MBA, ìyẹn másítà ìmọ̀ ìṣòwò, máa ń béèrè ẹyọ kan tàbí méjì, ọ̀gá tí ẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ PhD máa ń ti ìlẹ̀kùn láàárín December sí ìbẹ̀rẹ̀ January, ẹ béèrè ní September. Ẹni tó wà lórí H-1B, ìyẹn físà iṣẹ́, ọgọ́ta ọjọ́ ló pọ̀ jù tó ní láti wá ọ̀nà míì lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Kó tètè rí lọ́yà.

Ímeèlì iṣẹ́ sábà máa ń kú lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró, torí náà ẹ wá ọ̀gá yín lọ lórí LinkedIn. Bí layoff bá gbé òun náà lọ, ó ṣì lè jẹ́rìí yín. Ẹ má lọ bá HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́: ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ọjọ́ tí ẹ wọlé, ọjọ́ tí ẹ jáde àti ipò yín nìkan ni wọ́n máa sọ. Bí òfin ilé iṣẹ́ ò bá jẹ́ kí ọ̀gá lo pépà wọn, ẹ ní kó kọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀.

Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí i, orúkọ tí ẹ ń pè é níbi iṣẹ́ ni kí ẹ pè é, bó tilẹ̀ ṣòro fún ẹnu Yorùbá. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ bí onígbèsè ṣe ń bẹ olówó rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó lè kọ lẹ́tà tó lágbára, kí ẹ sì fún un láyè láti kọ̀. Bó bá ń lọ́ra, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá ẹlòmíì, nítorí lẹ́tà tútù burú ju àìrí lẹ́tà lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí: ẹ rán an létí. Ọ̀gá tó ń darí èèyàn méjìlá ò lè rántí ohun tí ẹ ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ojú ìwé kan ni mo kọ fún tèmi. Mo rán an létí ìròyìn oṣooṣù tó máa ń gba wa ní ọjọ́ mẹ́ta, tí mo sọ di iṣẹ́ wákàtí méjì. Mo tún kọ ọjọ́ tó bá mi wí pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, àti ohun tí mo ṣe sí i, nítorí fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ MBA jọ ń lò béèrè irú ìbáwí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá ní, "Kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i," bí wọ́n ti ń ṣe nílé, ẹ má gbà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ka ìyẹn sí èrú. Àkọsílẹ̀ tí ẹ fi rán an létí yẹn ti tó.

Fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń wá ilé ẹ̀kọ́ á bi yín bóyá ẹ yááfì ẹ̀tọ́ tí FERPA, òfin Amẹ́ríkà ti 1974 lórí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fún yín láti ka lẹ́tà náà. Ẹ yááfì rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ ò lè kà ni wọ́n máa ń gbà gbọ́. Ímeèlì tí yunifásítì máa fi béèrè lẹ́tà náà lè ya lọ sínú spam ọ̀gá yín, ibi tí ímeèlì tí wọ́n kà sí pàǹtírí ń lọ, ẹ sọ fún un kó wò ó níbẹ̀, kí ẹ sì rán an létí lọ́sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ ìparí. Ẹ lè ní kó fi gbólóhùn kan sọ pé iye òṣìṣẹ́ ni wọ́n dín kù, pé iṣẹ́ yín ò lábùkù. Tèmi kọ ọ́ láìjẹ́ pé mo béèrè.