Òpó tuntun dé, wàhálà tuntun dé: ìbéèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mò ń dáhùn lójoojúmọ́ ní Ìbàdàn

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Queen Cinema. Láti ìgbà tí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń pààrọ̀ ẹ̀rọ orí òpó wọn káàkiri ìgboro, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: "Ẹnjiníà, kí ni wọ́n fi òpó wa ṣe?" Bí ẹni pé èmi ni mo gùn ún. Mo kọ ìdáhùn sílẹ̀ níbí kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè o. Ẹni tó bá fo àwọn kéékèèké, tó gbé fóònù wá bá mi, tó wá jẹ́ pé airplane mode lásán ni mo pa, owó iṣẹ́ pípé ni màá gbà.

Ìbéèrè: Àná ni wọ́n gun òpó àdúgbò wa. Láti òwúrọ̀ òní, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò yọjú rárá.

Ìdáhùn: Ẹ pa fóònù, ẹ ka ení èjì dé ọgbọ̀n, ẹ tàn án. Bí kò bá wá, ẹ bi aládùúgbò yín. Bí tirẹ̀ náà ò bá sí, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lókè. Ẹ lọ jẹun.

Ìbéèrè: Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, mo lè pè, ṣùgbọ́n dátà ò ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ tẹ *323#. Èèyàn mélòó ló ti wọ mọ́tò méjì wá sọ́dọ̀ mi, tó jẹ́ pé dátà ló tán!

Ìbéèrè: Gbogbo ilé ló ń rí 4G, fóònù mi tuntun ni, 3G ló ń gbé fún mi.

Ìdáhùn: Fóònù yín tuntun, síìmù ńkọ́? Síìmù tí ẹ rà nígbà tí ọmọ yín tó ti ṣe yunifásítì tán ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, kò mọ 4G. Ẹ mú NIN yín lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọn á pààrọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà yín ò ní yí padà. Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn nọ́ńbà tó wà lórí síìmù sínú fóònù. Màmá kan láti Ọjà'ba jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún yẹn, ó ń sunkún nọ́ńbà àwọn oníbàárà aṣọ rẹ̀ bí ẹni pé èèyàn ló kú. Síìmù àtijọ́ ti wọ gàrí lọ nígbà yẹn.

Bí síìmù náà bá jẹ́ tuntun, ẹ wo ihò tí ẹ fi sí. Lára ọ̀pọ̀ fóònù onísíìmù méjì tó ti pẹ́ díẹ̀, ihò kan ṣoṣo ló ń gba 4G. Ẹ ṣe pàṣípààrọ̀ wọn.

Ìbéèrè: Fóònù 5G ni mo rà. Níbo ni 5G wà?

Ìdáhùn: Ní September 2022 tí MTN bẹ̀rẹ̀ 5G, Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú àkọ́kọ́. Airtel bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní June 2023. Ṣùgbọ́n kí wọ́n dárúkọ Ìbàdàn kò ní kí ó jẹ́ gbogbo Ìbàdàn. 2G tí a mọ̀ láti 2001 ń rìn lórí ìgbì 900 àti 1800 MHz. 5G tí wọ́n ta níbí, 3500 MHz ni. Àyè ibẹ̀ fẹ̀, ó lè kó dátà rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ògiri bíríkì ń jẹ ẹ́, òrùlé páànù ń jẹ ẹ́, igi máńgòrò iwájú ilé náà ń bù lára rẹ̀. Torí náà, òpó púpọ̀ tó sún mọ́ra ni wọ́n nílò, ibi tí wọ́n ti máa rówó sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọ sí. Ẹ bọ́ síta kí ẹ tó bú ẹni tó ta fóònù fún yín. Bí tòkunbọ̀ ni, ẹ wò ó bóyá n78, orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbì 3500 yẹn, wà lára àwọn ìgbì tó ń gbà. Bí kò bá sí, ẹ máa fi ya fọ́tò.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn ilé mi gan-an ni òpó wà. Ọ̀pá mẹ́rin ló kún ojú fóònù, síbẹ̀ fídíò ò ṣí tó bá ti di alẹ́.

Ìdáhùn: Ọ̀pá tí ẹ ń rí yẹn, bí fóònù ṣe ń gbọ́ ohùn òpó sí ló ń sọ. Kò sọ iye èèyàn tó ń bá yín pín in. Bí ẹ bá dúró ní Ìwó Road tí ẹ rí mọ́tò Ifẹ̀ níwájú yín, rírí tí ẹ rí i kò ní kí àyè wà nínú rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti dé láti ibi iṣẹ́, mọ́tò ti kún.

Nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ń fẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n lè so áńtẹ́nà mọ́ òpó tó ti wà, wọ́n lè gba ìgbì lọ́wọ́ 3G kí wọ́n fún 4G, wọ́n sì lè ri òpó tuntun sáàárín méjì tó jìnnà síra. Gbogbo èyí lojú yín rí. Èyí tí ojú ò rí ni ọ̀nà tí òpó fi ń kó dátà jáde lọ sí àárín gbùngbùn: okùn fáíbà abẹ́ ilẹ̀, tàbí àwo funfun roboto bí ìlù tó so mọ́ ara òpó. Bí wọ́n bá to ẹ̀rọ 4G tuntun jọ lókè, tó sì jẹ́ àwo àtijọ́ ló ṣì ń gbé e, táǹkì ńlá ni wọ́n gbé sókè, wọ́n so páìpù ike tín-ínrín mọ́ ọn. Ibi tí fáíbà bá sì ti dé, katakata àwọn tó ń la ọ̀nà lè gé e lọ́sàn-án gangan.

Ti pé ẹ̀yìn ilé yín ni òpó wà, kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ oore. Ọ̀ọ́kán ni áńtẹ́nà dojú kọ. Ẹni tó gbé tọ́ọ̀ṣì sórí kì í fi rí àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣebí wọ́n fowó kún dátà torí àtiṣe àtúnṣe yìí náà ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. January 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbà fún wọn pé kí wọ́n fi kún un, kó má ṣáà ti ju 50% lọ. Inú ń bí èmi náà. Ìbéèrè tó kàn.

Ìbéèrè: Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ kan fún mi tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé.

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ̀rọ tí NCC ò fọwọ́ sí ni ọ̀pọ̀ wọn, ariwo ló máa ń pa sí etí òpó, gbogbo àdúgbò á wá máa jìyà fídíò yín. Mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Fóònù mi wà lórí tábìlì níwájú mi, 4G kún un. Àwọn èèyàn ní àwọn pè mí títí, wọ́n ní ó ti kú. Kò dún rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òpó wa ni.

Ìdáhùn: Ẹ fà ságá, ẹ jókòó. Torí èyí ni mo ṣe kọ gbogbo ìwé yìí.

Apẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbé, ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí odò. Wọ́n gbé 4G sórí òpó kan lórí òkè lọ́hùn-ún, a jó, a yọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá mi pè mí láti Ìsẹ́yìn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù: "O ti wá di èèyàn ńlá, àbí? O ń pa fóònù fún mi." Mo ní Mọ̀mí, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, orí ìbùsùn ni fóònù wà mọ́júmọ́. Wọn ò gbà. Títí di òní, mi ò rò pé wọ́n gbà.

Mo pààrọ̀ síìmù, ó ṣe é. Mo fi síìmù náà sí fóònù mìíràn, ó ṣe é. Mo da gbogbo sẹ́tìn nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ nù, mo tún wọn tò, ó ṣì ṣe é. Mo flash ọ̀kan, ìyẹn ni pé mo fi kọ̀ǹpútà pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, mo tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú fóònù yẹn rí lọ́wọ́ mi, ẹ má bi mí. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, ìpè ò sọnù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ dé Apẹ̀tẹ̀, ó parí. Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ fóònù. Ojú ń kán mi, mi ò rí i. Ẹni tó ní òòlù lọ́wọ́, gbogbo nǹkan ló fẹ́ kàn ní ìṣó.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Dátà ni wọ́n kọ́ 4G fún. Kí èèyàn tó lè gba ìpè lórí 4G tààrà, VoLTE gbọ́dọ̀ wà: fóònù gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti ṣí i fún nọ́ńbà yín. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà nígboro, VoLTE ti orílẹ̀-èdè tó ti wá nìkan ló mọ̀. Láìsí i, nígbàkígbà tí ìpè bá ń bọ̀, 4G á sọ fún fóònù pé, "Sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń pè ọ́," fóònù á já bọ́ sórí 3G tàbí 2G, ibẹ̀ ló ti máa dún. Ẹ ò lè rí i, torí kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ.

Mo gba ìwé ìkọ̀wé ọmọ mi obìnrin, mo fa ìlà sí i. Alẹ́ mẹ́rin ni mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọn, mò ń fi fóònù kejì pe ti àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, mò ń kọ aago sílẹ̀. Nínú ìpè 40, mẹ́tàdínlógún ò dún. Ní alẹ́ karùn-ún, mo wọ Settings, mo ní kó máa lo 3G àti 2G nìkan. Mo pe ogún. Ogún dún. Ìyàwó mi ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn.

Ìyẹn fi hàn pé ojú ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni ìpè ti ń sọnù. Ìdí rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Àwọn tó ń bu dísù sí jẹnẹrétọ̀ òpó náà ni mo lọ bá ní Sátidé, mo ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà fún wọn, wọ́n fún mi ní ẹnjiníà wọn lórí fóònù. Mo ka aago tí mo kọ fún un, ó dákẹ́, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìsàlẹ̀ lẹ wà, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní 4G tí mò ń gbà, ti òpó orí òkè ni. Ṣùgbọ́n 2G tó dé ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ mi, òpó mìíràn ló ti ń wá, láti apá Ẹlẹ́yẹlé, abẹ́ agbègbè mìíràn ni wọ́n sì kọ òpó yẹn sí nínú ìwé wọn. Nígbà tí wọ́n ń gbé 4G tuntun kalẹ̀, wọn ò so agbègbè méjèèjì pọ̀ bó ṣe yẹ. Ó dà bí ìgbà tí lẹ́tà dé Apẹ̀tẹ̀, tí ẹni tó ni ín ti já bọ́ sí Ẹlẹ́yẹlé, tó ń forúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kó tó forúkọ sílẹ̀ tán, wọ́n ti sọ fún ìyá mi pé fóònù mi kú.

Tó bá jẹ́ tiyín rèé, ẹ wá VoLTE nínú Settings síìmù yín, ẹ tàn án. Bí kò bá sí, ẹ fi síìmù ìpè sórí 3G àti 2G, kí ẹ máa fi síìmù kejì wo dátà. Ẹ wá kọ ọjọ́, aago àti ibi tí ẹ wà sílẹ̀, ẹ pe iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lórí 300, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dáa" kì í ṣe ẹ̀sùn, èébú ni. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ gbé nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn lọ bá NCC lórí 622. Tèmi gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé wọ́n ti ṣe é. Mo kàn rí i lálẹ́ ọjọ́ kan tí fóònù dún lórí 4G, ìyá mi ni, wọ́n ní: "Ẹ̀n-ẹ́n, o ti wá tàn án lónìí."

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ṣé kí n kúkú gbé e wá sọ́dọ̀ yín?

Ìdáhùn: Bí ibi gbogbo ló ti ń ṣe é, ẹ gbé e wá. Bí ilé nìkan ni, ẹ má gbé e wá, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọkọ́mọ tó ní kọ̀ǹpútà flash ẹ. Ìwé tí ẹ kọ aago sí ni kí ẹ mú wá. Ẹ pè mí kí ẹ tó kúrò nílé. Bí kò bá dún, ẹ bá mi kọ aago tí ẹ pè sílẹ̀.