Agbára ń jò, ariwo ń dà á láàmú: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa kúbíìtì

T1 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè nípa kúbíìtì, ẹyọ ìsọfúnni inú kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù: báwo ni ipò 1 ṣe ń pẹ́ tó kí agbára rẹ̀ tó jò, kí ó sì bọ́ sí 0? Ẹ má ṣe dúró síbẹ̀. Agbára kúbíìtì lè pé síbẹ̀ kí fáàsì rẹ̀ ti dàrú, ìyẹn ìbáramu ìgbì tó so 0 àti 1 pọ̀ nígbà tí kúbíìtì wà ní ipò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òun gan-an sì ni ìṣirò kúáńtọ́ọ̀mù gbára lé. T2 la fi ń wọn bí fáàsì ṣe ń pẹ́ tó kó tó dàrú, kò sì lè ju ìlọ́po méjì T1 lọ. Tí T1 bá jẹ́ 100 máíkrósẹ́kọ́ńdì (ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan), tí T2 jẹ́ 20, ariwo tó ń da fáàsì rú ni kí ẹ wá lọ. Tí T2 bá sún mọ́ 200, ẹ fi ariwo sílẹ̀, ẹ wá ibi tó ń jò. Ó máa ń dùn mí bí àwọn òṣìṣẹ́ gidi bá ń fi oṣù ṣe àtúnṣe ibi tí kò bàjẹ́.

Ẹ má sì lo oògùn ọ̀kan fún èkejì. Ọgbọ́n gbohùngbohùn tí Erwin Hahn gbé jáde ní 1950 máa ń yí kúbíìtì padà láàárín méjì, kí ìdàrú fáàsì ti apá kejì lè pa ti apá kìíní rẹ́. Ariwo tí kì í tètè yí padà ló kápá. Agbára tó ti jò ti lọ nìyẹn.

Ẹlòmíràn gbà pé otútù á yanjú gbogbo rẹ̀. Nínú fìríìjì tó tutù dé nǹkan bíi 0.02 kélífínì, ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ rí kúbíìtì transmon (irú èyí tí a fi irin tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdènà ṣe) gbé láti 0 sí 1, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àbùkù kéékèèké inú ọ́ksáìdì tó bo irin rẹ̀ ń fa agbára mu, bí ó sì ti ń tutù sí i ni wọ́n ń fà á sí i. Ohun tí a fi ṣe kúbíìtì ni ká yẹ̀ wò: ní 2021, àwọn olùwádìí ní Princeton fi tantalum rọ́pò niobium, T1 sì kọjá 300 máíkrósẹ́kọ́ńdì.

Àwọn àbùkù wọ̀nyí kan náà kì í dúró lójú kan, T1 kúbíìtì kan ṣoṣo sì lè yàtọ̀ gan-an láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe kéde iye tó ga jù tí ẹ rí. Ẹ wọ̀n ọ́n léraléra, kí ẹ sọ ìpíndọ́gba rẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tó kéré jù pẹ̀lú.