Bisikíìtì Kòkó Tó Ní Míǹtì Láàárín, fún Ọdún Kérésì

Ní àdúgbò wa l'Ákùúrẹ́, bí Kérésì bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, ṣinṣin ni gbogbo ilé ń dín. Abọ́ tí wọ́n bá gbé wá fún mi, n kì í dá a padà lófìfo: bisikíìtì yìí ni mo máa ń kó sí i. Kòkó ni igi ajé ìpínlẹ̀ Oǹdó, inú mi sì máa ń dùn tó bá wà nínú ohun tí a fi ń ṣọdún.

Ẹ wá 250 gíráàmù fláwà, 50 gíráàmù kòkó lílọ̀ tí kò ní ṣúgà, 200 gíráàmù bọ́tà tó ti rọ̀, 120 gíráàmù ṣúgà, ẹyin kan àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun, ẹ lu ẹyin sí i, kí fláwà àti kòkó wá tẹ̀lé e. Bó bá ti di ọ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀. Àpòjù ló ń mú un le. Ẹ wé e sínú nailọ́ọ̀nù, ẹ gbé e sí fíríìjì fún wákàtí kan. Ẹ má fo èyí o. Ọyẹ́ lè mú láàárọ̀, àmọ́ oòrùn ọ̀sán á yọ́ bọ́tà, bisikíìtì á sì tẹ́ pẹrẹsẹ nínú iná.

Ẹ fi ìgò yí i, ẹ fi ẹnu ife kékeré gé e, ẹ yan án ní 175 dígírì fún ìṣẹ́jú 10 sí 12. Ẹni tí kò ní ófùnù lè da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò ńlá, kó dé e títí yóò fi gbóná dáadáa, kó tó gbé páànù lé e. Kòkó ti dúdú tẹ́lẹ̀, ojú kò lè mọ̀ bó ti jinná. Ẹ wo etí rẹ̀: tó bá ti gbẹ, tí àárín ṣì rọ̀ díẹ̀, ẹ yọ ọ́. Yóò le bó bá ṣe ń tutù.

Ti àárín ni 100 gíráàmù bọ́tà àti 200 gíráàmù ṣúgà ẹlẹ́bu. Míǹtì inú ìgò kékeré tí àwọn tó ń ta èlò kéèkì ń tà, ẹ̀kán-ẹ̀kán ni kí ẹ máa kán an, kí ẹ máa tọ́ ọ wò. Bó bá pọ̀ jù, ẹnu á dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ eyín tán, kò sì sí àtúnṣe. Ìgbà tí bisikíìtì bá tutù pátápátá ni kí ẹ fi í sáàárín méjì.

Ẹ fi ọmọ odó fọ́ súìtì míǹtì nínú ọ̀rá, kí ẹ fi etí bisikíìtì yí i. Ọjọ́ tí ẹ ó bá gbé e fún àlejò ni kí ẹ ṣe èyí, torí súìtì fífọ́ máa ń lẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i.